Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìsun Ìkógòsì: Àkọsílẹ̀ Àwọn Tó Lọ Pàgọ́

Ọjọ́rú: ẹrù dídì

Ẹni tó bá gbọ́ pé èèyàn fẹ́ lọ pàgọ́ létí omi gbígbóná, ooru ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Ìrì ló yẹ kó bẹ̀rù. Àfonífojì tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń gbà kọjá lábẹ́ igi ńlá kì í gbẹ tán, nígbà ọyẹ́ pàápàá. Ọ̀rinrin ibẹ̀ á wọ aṣọ, á wọ ìṣáná, á wọ gàrí, á sì wọ bàtà tí èèyàn bọ́ sẹ́nu àgọ́. Ohun tó ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe omi náà. Gbogbo ẹrù tí a dì lónìí, ìbéèrè kan la bi í: tí eléyìí bá rin, ṣé yóò gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ènìyàn mẹ́rin, òru mẹ́ta. Omi mímu àti ti oúnjẹ, lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn lítà 48. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méjì gbé e, lítà méjì sì ṣẹ́ kù. Omi ìwẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí, ibi tí a ń lọ ní in rẹpẹtẹ.

Gàrí Ìjẹ̀bú kóńgò mẹ́ta, láti ọjà Òkè-Ajé. Ọ̀rọ̀ gàrí yìí kì í ṣe ti pé ilé ẹni ló ti wá. Gàrí tó ti kan dáadáa nínú àpò kó tó dé agbada, tí wọ́n sì yan láìfi epo pupa sí, kì í tètè bàjẹ́ lọ́nà. Epo tó wà nínú gàrí pupa ló máa ń yí òórùn rẹ̀ padà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ wá ṣí ọwọ́. Bó bá túká bí iyanrìn gbígbẹ, ẹ rà á. Bó bá dì mọ́ra díẹ̀ báyìí, ẹ fi sílẹ̀ fún alátẹ, nítorí irú rẹ̀ á ti hu olú kí ọjọ́ kẹta tó pé. A da tiwa sínú ọ̀rá méjì, ìkan nínú ìkejì, a so ó, a wá gbé e sínú ike tó ní ìdérí. Ẹja gbígbẹ, edé, ata gígún, iyọ̀, ṣúgà àti ẹ̀pà yíyan náà gba inú ike kan náà lọ.

Àgọ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn méjì. A pa wọ́n sí àgbàlá lónìí kí a tó tún wọn dì, nítorí pé ẹni tí kò bá pàgọ́ rẹ̀ wò nílé, ilẹ̀ á ṣú bá a níbi tó ti ń wá ọ̀pá kan tó sọnù láti ọdún tó kọjá. Ojú rírán àgọ́ ni omi máa ń gbà wọlé jù. A fi àbẹ́là funfun ra gbogbo ojú rírán náà látìta, a fi ẹ̀yìn ṣíbí tó ti lọ́ díẹ̀ fà á títí ó fi wọlé sáàárín òwú. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, àbẹ́là méjì sì tó o.

Sílińdà gáàsì kékeré, kílò mẹ́ta. Lẹ́yìn tí a de orí rẹ̀ tán, a po ọṣẹ mọ́ omi títí ó fi hó, a fi fóòmù pa á yíká ìdè náà, a wá ṣí i. Ó yọ ìhó wínníwínní níbì kan: rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti sán. A pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà gáàsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi ìṣáná dán irú èyí wò láé.

Àwọn tó kù: tàpólì ńlá kan, ẹní mẹ́rin, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, okùn mítà ogún, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ìṣáná nínú ìgò aláyìídé, àkísà gbígbẹ mẹ́fà. Ẹ má fojú kékeré wo àkísà. Lówùúrọ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ wá.

Ọjọ́bọ̀: márosẹ̀, táyà, àti ibi tí a pàgọ́ sí

A ṣí ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìrìn náà lé ní igba kìlómítà, ọkọ̀ kò sì yẹ kó wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ìwọ̀nba tí a ó sọ nìyí: ẹ tètè jáde, ẹ tètè dé, ẹ má sì jẹ́ kí òru bá yín láàárín ìlú méjì.

A gba márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin: Ògbèrè, J4, Ajébáńdélé, Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, títí dé Òrè. Láàárín Ògbèrè sí J4, ọkọ̀ gẹdú ló pọ̀ jù, wọ́n ń bọ̀ látinú igbó ọba Ọmọ. Ẹ má tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí. Èèpo igi tó ń já bọ́ lára gẹdú tóbi tó láti fọ́ gíláàsì iwájú, awakọ̀ gẹdú kì í sì í rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kòtò bá wà níwájú, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ fún yín. Bí táyà rẹ̀ ṣe ń yẹ̀ lẹ ó máa wò.

Òrè ni oúnjẹ àárọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ló ń dúró níbẹ̀, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ nínú ìkòkò kí wọ́n tó tún se òmíràn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ wá sí Èkó dúró ní 1967, tí “Ó lè kú, ìjà Òrè” fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo Yorùbá. Lónìí, ìjà tó kù níbẹ̀ ni ti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú oníbàárà. Ìyá kan pe odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan ní ₦5,000, a gbé e ní ₦3,500, ó sì tún já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lé e nígbà tó gbọ́ pé àgọ́ la ń lọ sùn. “Ẹ máa mú ọmọ yìí lọ, ẹ̀yin ọmọ mi, igbó kì í ta oúnjẹ.” Dúdú ni kí ẹ rà, kì í ṣe pípọ́n: èyí tó dúdú lónìí á pọ́n ní Àbámẹ́ta, ìgbà tí ẹ máa nílò rẹ̀ gan-an.

Láti Òrè, a yà sápá òsì, a gba Oǹdó. A kọjá Oǹdó díẹ̀ ni ọwọ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá ọ̀tún. Ìṣó ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe níbi pípààrọ̀ táyà ni pé wọ́n á ti jáàkì ọkọ̀ sókè tán kí wọ́n tó máa tú nọ́ọ̀tì. Táyà á máa yí lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ á máa mì lórí jáàkì. Ẹ fi òkúta ńlá ti táyà ẹ̀yìn tó wà lódìkejì. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìlàjì nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó jáàkì. Nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, ẹ má dì í ní yíyíká: ẹ dì ìkan, kí ẹ fo lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì yẹn rọ̀, jáàkì ń rì, la bá fi pákó pẹlẹbẹ kan sí ìdí rẹ̀. Pákó yẹn, ẹ fi sínú ọkọ̀ yín, kò tóbi ju ìwé ńlá kan lọ.

Fọkanáísà tó wà ní ìyànà tó tẹ̀ lé e lẹ táyà náà. Nígbà tó rí kẹ́ẹ̀gì àti ẹní, ó wọn atẹ́gùn inú táyà mẹ́rin tó kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó fi atẹ́gùn kún èyí tó dín, kò sì gba kọ́bọ̀ lé owó iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó ní ọ̀nà òkè kì í fẹ́ táyà tó rọ̀. Òótọ́ ló sọ, a rí i ní Àbámẹ́ta.

Ní Àkúrẹ́, ẹ kún epo, ẹ sì gba owó tútù lọ́wọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, ilé epo ń dín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí POS ń lò sì lè lọ fún ọjọ́ kan gbáko. Ìgbàrà-Òkè ṣì jẹ́ ti Oǹdó, Ìgbàrà-Odò ti jẹ́ ti Èkìtì. Láàárín méjèèjì ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè lápá òsì, tí igi kòkó sì ń ṣíji bo títì.

Aago méjì kọjá díẹ̀ la dé ẹnu gèètì ìsun. Owó ìwọlé, orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọkọ̀ sì lè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pípàgọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, nítorí yàrá ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà, nítorí náà ẹ má kàn wọlé kí ẹ máa kan èèkàn. Ẹ béèrè alábòójútó, ẹ sọ iye àgọ́, iye òru, àti ibi tí ẹ máa dáná sí. Wọ́n tọ́ka ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan fún wa létí odò gan-an. Ojú rẹ̀ dára púpọ̀. A dúpẹ́, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní èyí tó wà lókè.

Ìdí nìyí. Atẹ́gùn tútù wúwo ju ti gbígbóná lọ, á máa ṣàn sísàlẹ̀ lóru bí omi, á sì dúró sí ibi tó lọ sílẹ̀ jù. Létí odò lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rinrin ń gòkè látinú omi ní gbogbo òru. Bí ọ̀rinrin yẹn bá kan aṣọ àgọ́ tó ti tutù, á di omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ kúrò létí omi ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ó kéré tán, ẹ gòkè tó ẹni kan ní gíga bó bá ṣeé ṣe, ẹ sì wá ibi tí ilẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ kí òjò má bàa dágún. Ẹ wòkè pẹ̀lú: ẹ̀ka gbígbẹ tó há sórí igi ti pa oorun ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Èèkàn kò wọlé ju ìka mẹ́ta lọ láwọn ibì kan. Orí èèkàn ni kó fì sẹ́yìn kúrò lára àgọ́, kí okùn máa fà á wọlẹ̀ dípò kó máa fà á jáde. Níbi tí kò bá ti wọlé rárá, ẹ so okùn mọ́ òkúta kan tó tó orí àgbò, ẹ wá fi òmíràn tó jù ú lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kókó tí a ta: ẹ gba okùn yí èèkàn, ẹ fi ẹnu okùn yí ara okùn lẹ́ẹ̀mejì nínú òbìrí, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i lókè òbìrí náà, kí ẹ fà á le. Kókó yìí á máa yọ̀ bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í, á sì dúró gbọn-in bí àgọ́ bá fà á. Ẹ nílò rẹ̀, nítorí aṣọ náílọ́nù máa ń gùn nígbà tó bá rin. Bí ẹ kò bá tún un fà kí ẹ tó sùn, ó di òru kí àgọ́ tó rọ̀ lé yín lórí.

Tàpólì ìsàlẹ̀: etí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ jáde kọjá ìdí àgọ́. Bó bá yọ, òun ló máa gba omi òjò kó lè gbé e wá sábẹ́ yín. Ẹ ká a sínú.

Èbà àti ìkọ́kọrẹ́ tí a gbé láti ilé la jẹ. Ìkọ́kọrẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tirẹ̀. Ewùrà tí wọ́n ti fi epo àti ẹja sè kò ní agbára láti dúró di ọ̀la nínú ọkọ̀ tí oòrùn ti pa.

Ẹtì: omi méjì

Aago márùn-ún àbọ̀. Àgọ́ kan gbẹ nínú, ìkejì ń kán. Ìyàtọ̀ wọn kò ju síìpù lọ. Àwọn tó wà nínú ìkejì ti fèrèsé òkè pa nítorí òtútù, èémí ènìyàn méjì fún wákàtí mẹ́jọ kò sì rí ibì kankan gbà jáde. Bí òtútù bá ń mú yín, aṣọ ni kí ẹ fi kún ara. Ẹ fi fèrèsé sílẹ̀.

Àkísà méjì la fi nu inú rẹ̀ gbẹ.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sómi kí oòrùn tó yọ. Ìgbà ọyẹ́ ni, atẹ́gùn tutù débi tí ẹnu ń yọ èéfín, ooru omi náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú odò láàárín àwọn gbòǹgbò. Ẹ tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ ara rẹ̀ mú: kò jó yín, kò tutù. Lágogo méjìlá ọ̀sán, omi kan náà yìí kò ní jọ yín lójú tó bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó o.

Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé omi yìí gbóná tó 70. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Omi tó bá gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Selsiọọsì á bó àwọ̀ kí ẹ tó kígbe, àwọn ọmọdé sì ń wẹ̀ nínú èyí. Nǹkan bí 37 sí 38 ni, ìyẹn bí ara ènìyàn ṣe gbóná mọ. Ẹ lè fi ẹyin dán an wò. Funfun ẹyin kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dì àfi bí ooru bá kọjá 60. A so ẹyin kan sínú ọ̀rá, a rì í sójú ibi tí omi ti ń jáde fún wákàtí kan, a fọ́ ọ sínú abọ́: ó ṣàn bí ìgbà tí a rà á. Ẹni tó bá gbèrò láti fi ìsun yìí se ẹyin, kó gbé gáàsì rẹ̀ dání.

Kò sí òkè oníná níbẹ̀. Òkúta tó gbé òkè Ẹ̀fọ̀n ró jẹ́ irú òkúta funfun líle kan tó ń sán ní ọ̀nà tóóró tó jìn. Omi òjò ń gba ojú sísán náà wọlẹ̀, bó sì ṣe ń jìn sí i ni ilẹ̀ ń gbóná sí i: káàkiri àgbáyé, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 25 sí 30 fún kìlómítà kan. Bí a bá fi èyí ṣírò, omi Ìkógòsì ti dé ìdajì kìlómítà nínú ilẹ̀, ó kéré tán, kó tó rí ojú sísán mìíràn tó tètè gbé e padà sókè kí ooru rẹ̀ tó tán. Ìsun kejì tó wà níbẹ̀, èyí tó tutù, kò jìn tó bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì pàdé níbi tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kan, èkejì sínú ìkejì. Ẹ dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ẹ máa kíyè sí i pé bí ẹsẹ̀ ṣe sún síwájú ní ìka kan péré, ooru yí padà, ó sì tún yí padà, bí ẹni pé omi méjì náà ṣì ń jiyàn kí wọ́n tó gbà.

Àwọn ará ìlú ní ìtàn tiwọn: ọdẹ kan ló ní ìyàwó méjì, orogún kò gbà fún orogún, oníbìínú di omi gbígbóná, onísùúrù di tútù, ọkọ wọn sì di òkè tó ń wò wọ́n. Bàbá àgbà kan tó ń gé koríko létí ọ̀nà sọ ọ́ fún wa, ó sì fi kún un pé ibi tí wọ́n pàdé ni wọ́n ti parí ìjà.

Ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún nínú omi, kí ẹ jáde, kí ẹ mu omi ife kan kí ẹ tó padà. Nínú omi tó gbóná tó ara, ara kì í lè tu ooru rẹ̀ jáde. Ẹ ń làágùn láìmọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà máa ń ṣí sílẹ̀, tí òòyì fi ń kọ́ ẹni tó bá dìde lójijì. Ẹ jókòó sétí kí ẹ tó dìde. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti aboyún, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sì mu ọtí kí ẹ tó wọ omi. Ẹ má jẹ́ kí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ gba imú wọlé: kòkòrò kan tó ń gbé inú omi adágún tó gbóná kì í ṣe nǹkan kan fún ẹni tó gbé e mì, ṣùgbọ́n bó bá gba imú, ó lè dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, síbẹ̀ dídi imú kò náni ní nǹkan.

Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú odò. Ẹ bu omi sínú garawa, ẹ gbé e kúrò létí odò, ẹ wẹ̀ sórí ilẹ̀. Omi yìí ló ń ṣàn lọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Òkúta etí omi ń yọ̀ nítorí ewéko tútù tó hù bò wọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa yọ̀, igunpá ló fi gba ilẹ̀. Bàtà ike tó ní ojú nísàlẹ̀ ló dára. Sílípáàsì pẹlẹbẹ, ẹ fi sí àgọ́.

Lọ́sàn-án, a gbé ohun gbogbo jáde sóòrùn: ẹní, aṣọ, ike gàrí tí a ṣí ìdérí rẹ̀. Wákàtí méjì péré ni oòrùn fi ń kan ibi tí a wà kí òjìji òkè tó bò ó. Ẹ mọ wákàtí yẹn, ẹ má sì lọ rìn nígbà náà.

Àbámẹ́ta: Ìpólé-Ìlórò, àti ọ̀rọ̀ èédú

Ìtakìtì omi Àríǹta wà ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà sí Ìkógòsì. Ọ̀nà náà yí po ara òkè, ó ga, ó sì tún já. Níbí ni a ti rántí fọkanáísà ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀, ẹ má dúró lórí bíréèkì títí tí yóò fi máa rùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà kì í pọ̀, ó ń já bọ́ bí okùn funfun lára àpáta. Ẹni tó bá fẹ́ ariwo rẹ̀, kó wá lẹ́yìn òjò, kó sì gbà pé àtẹ̀gùn á máa yọ̀.

Nínú ìlú, ìyá oníyán kan ń gún un lójú wa. Èkìtì ni, ẹ má lọ béèrè ìrẹsì. Abọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran méjì jẹ́ ₦2,500. Ó wo bí a ṣe ń jẹun, ó wá béèrè ibi tí a ti wá. Nígbà tó gbọ́ Ìjẹ̀bú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a gbé gàrí wa dání. A fún un ní ìdajì kóńgò. Òun náà di iṣu méjì fún wa, kò gbà kí a sanwó. Iṣu yẹn, a sun ún lálẹ́, inú rẹ̀ funfun, ó sì ń fọ́ bí èérún lábẹ́ ìka.

Igi ìdáná: ẹ rà á nínú ìlú. Igi tí ẹ bá ṣà létí odò, bó tilẹ̀ gbẹ lójú, inú rẹ̀ rin, èéfín ló máa fi san yín. Ẹ ṣẹ́ ẹ: èyí tó bá dún páù ti gbẹ, èyí tó bá tẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀. A gbé tiwa sórí òkúta méjì lábẹ́ tàpólì, kò fara kan ilẹ̀.

Lálẹ́ òní ni òtútù pọ̀ jù, nítorí sánmà mọ́ kedere. Irú òru bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí ènìyàn gbé àdògán èédú wọ inú àgọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èédú tó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, oorun á kun ni, ẹni tó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Aṣọ àgọ́ tó rin kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tàn kálẹ̀, ìyẹn tún mú un burú sí i. Ẹ bu omi ìsun náà sínú ìgò oníke líle, ẹ dé e pinpin, ẹ wé e sínú aṣọ, ẹ gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi ìkòkò gbé omi náà ka gáàsì díẹ̀ lóde kí ẹ tó bù ú sínú ìgò, á gbóná di ọ̀gànjọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa sùn.

Eérú tó ṣẹ́ kù, nígbà tó tutù, a wọ́n ọn yíká àgọ́ nítorí ìjàlọ. Ẹ tún un wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ìrì máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tó bá sì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìjàlọ á gba orí rẹ̀ kọjá. Bàtà, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Àkekèé kan jáde lára ọ̀kan lówùúrọ̀ yìí, kékeré, dúdú, ó sáré wọ abẹ́ òkúta.

Àìkú: Ìkirè, àti okùn aṣọ

Ẹ má ká àgọ́ tó rin tí ẹ bá lè dúró. A jí ní aago mẹ́fà, a fa àwọn àgọ́ kúrò nílẹ̀, a dojú wọn dé, a so wọ́n sáàárín igi méjì, a fi àkísà tó kù gbọ̀n ìrì dànù. Títí di aago mẹ́sàn-án, òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ kò gbẹ. A ká wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a fi ọ̀rá sáàárín. Èèkàn, a kà wọ́n nígbà tí a ń kàn wọ́n, a sì tún kà wọ́n nígbà tí a ń fà wọ́n yọ: méjìdínlọ́gbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀nà àbọ̀ yàtọ̀: Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà, Ifẹ̀, Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan sí i lè yà sí ìtakìtì omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni, àwọn tó wà lókè sì ń fẹ́ orúnkún tó lágbára. Àwa kò yà, nítorí tàpólì tó rin wà nínú bọ́ọ̀tù.

Ní Ìkirè, dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in dúdú, wọ́n á wé e sínú ewé. Ẹ fọwọ́ tẹ ìdí ewé náà kí ẹ tó rà á: bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òní ni wọ́n dín in. Àwọn tó ń tà á máa ń sáré wá bá ọkọ̀. Ẹ yà kúrò lójú títì kí ẹ tó dúró, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kó sábẹ́ ọkọ̀ mìíràn.

Láti Ìbàdàn a gba Ìdí-Ayùnrẹ́, Màmú, Òrù, a wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní aago mẹ́rin ku díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀, àgọ́ bọ́ sórí okùn aṣọ. Tàpólì náà, àgọ́ méjèèjì, àpò wọn, àti okùn kọ̀ọ̀kan tí a tú kókó rẹ̀. Àgọ́ tí wọ́n bá ká ní rírin, ọjọ́ mẹ́ta péré, àmì dúdú á ti yọ lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. A yí wọn padà nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ojú rírán tí a fi àbẹ́là ra gbẹ pátá. Etí ìsàlẹ̀, níbi tó fi kan ilẹ̀, ṣì tutù lábẹ́ ọwọ́, a sì fi wọ́n sórí okùn di ọ̀la.